Orí Kọ̀ǹpútà Rẹ àti Orí Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí o ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ wa sì bímọ méjì, ọ̀kan ya alágídí bíi tìrẹ ní kékeré.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní kọ̀ǹpútà ló ń pa àwọn ohun tí o bá kọ pọ̀ di nǹkan tó lè dá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ tó bá ń lọ mú wọn níkọ̀ọ̀kan nínú àpótí tó ń kẹ́rù sí, lo bá kó gbogbo rẹ̀ sí orí rẹ̀, níbi tó fi ń rántí nǹkan, ló bá ń yára. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ sọ fún télọ̀ iwájú ilé. Àfi ìgbà tí o ní bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó wà lórí náà ti lọ nìyẹn. Ṣé ẹ ti wá oògùn sí irú orí bẹ́ẹ̀? Bá mi kí Línọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí o ní òun ló ń darí kọ̀ǹpútà rẹ, tí kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mo ń fi í sádùúrà.

Ohun tó dùn mí ni pé bàbá rẹ gan-an lò ń ṣàpèjúwe. O mọ̀ pé wọn kì í kọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn sílẹ̀. Wọ́n á ní kíkọ ń dá ọwọ́ káfíńtà dúró, orí ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ọ̀ṣọ́ lásán ni pẹ́ńsùlù etí wọn. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yára tó wọn. Ṣùgbọ́n iná ti ń ṣẹ́jú báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé fèrèsé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, wọ́n ń bi mí pé iṣẹ́ ta ni. Mo wọlé lọ sunkún. À ń rí wọn lójoojúmọ́, ẹnì kankan nínú wa kò bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gé ẹsẹ̀ àga tí kì í mì yẹn. A rò pé orí náà kò ní lọ síbì kan. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

O ní o máa ń da iṣẹ́ rẹ kọ padà sínú àpótí kí o tó pa kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n nìyẹn, wá bá wa ṣe é nílé. Láàárọ̀, ọ̀rọ̀ àga ṣì máa ń wá sí wọn lẹ́nu. Bẹ Línọ́ọ̀sì kó fún ọ láyè, ẹni tí kì í gbowó kò lè le jù bẹ́ẹ̀. Tí o bá ń bọ̀, mú owó páànù àti ti oògùn wọn dání, àti ti awò ojú mi.

Olúwa á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ohun tí o mọ̀ kò ní parẹ́ mọ́ ọ lórí. Bàbá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo ní ọmọ wọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, kí o fi eré sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ.