Ìyálé Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ tí mo gbọ́ pé ó mú àgbàdo yín ní Okpomẹ̀ta. Láti Àbíjàn níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Ìyá Ràfíù, ìyàwó yín, tí ẹ jọ ń gbé ilé ọkọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo kí Bùọ̀dá Ràímì, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Owó ni ẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè lórí fóònù, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún fáráǹ fún mi ní ìsọ̀ aṣọ tí mo ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ilé gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n níbẹ̀, oúnjẹ gba méjìlélógún, ọkọ̀ gba mẹ́sàn-án, yunifásítì gba ogún, fóònù gba méjì, ọṣẹ àti nǹkan wẹ́wẹ́ gba mẹ́ta. Mo fi márùn-ún ránṣẹ́ sí yín. Ó ku mẹ́rin. N kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni ní Àbíjàn.

Òjò ń rọ̀ níbí bí ẹni pé wọ́n ń san owó oṣù fún un. Bí mo bá kúrò ní ìsọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi ọ̀rá wé ìwé mi kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sí kíláàsì. Yàrá tí mò ń gbé, èmi àti obìnrin kan tó ń rán aṣọ la jọ san owó rẹ̀. Kò gbọ́ èdè wa, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, a sì ń fi Faransé díẹ̀díẹ̀ kí ara wa. Àárọ̀ Jímọ̀ ló máa ń ṣe mí bákan, nítorí ìgbà náà ni mo máa ń rántí bí gbogbo ilé wa ṣe ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì láti kí ara wọn. Bí mo bá ti dé ìsọ̀, ó máa ń lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún àwọn ará Okpomẹ̀ta pé iṣẹ́ báǹkì ni mò ń kọ́. Kì í ṣe báǹkì, Màámi. Asíráǹsì ẹ̀mí ni, èyí tí ènìyàn ń san owó sí díẹ̀díẹ̀ kí ẹbí rẹ̀ má baà jìyà bí ó bá kú. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ráàntì. Ìyẹn ni pé kí ẹnì kan kó owó tàbí ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí onítọ̀hún sì máa san owó fún un lóṣooṣù títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ẹ̀mí bá gùn, ẹni tó ń san ló pàdánù. Bí kò bá gùn, ó jèrè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa ni bí a ó ṣe mọ iye tí kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kọ ẹgbẹ̀rún kan sí ojú pátákó. Ó ní ẹgbẹ̀rún obìnrin ni, ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn wà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín wọn kù lọ́dọọdún, ó ń nu iye kan, ó ń kọ òmíràn, títí kò fi ku ẹnì kankan. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ iye àpò ìrẹsì. Èmi kò kọ ọ́. Nílé wa a kì í ka ọmọ fún olọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bèèrè lọ́wọ́ àgbà pé ọdún mélòó ló kù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbà fún ara mi pé àwọn obìnrin inú pátákó yẹn kò lórúkọ, pé kò sí ìyá ẹnikẹ́ni láàárín wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe ìṣirò wọn láìsí ìnira.

Ìgbà tí Bùọ̀dá Ràímì pè mí nítorí ilẹ̀ yín ni mo rí i pé ìyá ẹnì kan ti wọ àárín wọn.

Kí àwọn tí yóò ka ìwé yìí tí wọn kì í ṣe ará ilé lè mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Alájì kan tó ń ra kájú ní Kétu fẹ́ gbin igi tíìkì sórí ilẹ̀ tí bàbá ìyá mi fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Adakplamẹ̀. Ilẹ̀ náà tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Alájì kò ní mílíọ̀nù mẹ́rin tí yóò gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ní òun á máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fún ìyá mi lóṣooṣù títí ẹ̀mí rẹ̀ á fi pin, lẹ́yìn náà ilẹ̀ di ti òun. Ráàntì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ó mú ìwé ìbí ìyá mi lọ bá ẹnì kan tó mọ ìṣirò náà ní Kùtọnu, iye tí ẹni yẹn fún un nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ló ti san, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì lọ tẹ ìka sí ìwé ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Màámi, ohun tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù nígbà náà kò tíì kúrò létí mi. Ẹ ní, “Ẹni tí èrè rẹ̀ wà nínú ikú mi, ṣé òun náà ni yóò máa kí mi pé ẹ kú àárọ̀?” Mo rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí ibi tí wọ́n ti dáhùn rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ní ẹ fẹ́ owó náà, pé ó sàn kí ẹ máa gba tiyín lóṣooṣù ju kí ẹ máa wo ojú ọmọ lọ.

Mo ṣe ìṣirò náà. Bí ọjọ́ orí yín bá jẹ́ ti inú ìwé, ogójì kò burú, Alájì kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni nílé má ṣe pín mílíọ̀nù mẹ́rin sí ogójì ogójì láti mọ iye oṣù tó wà níbẹ̀. Èmi ti pín in, ó tó bẹ́ẹ̀.

Bùọ̀dá Ràímì tún ya fọ́tò ìwé ìbí Ìyá Ràfíù ránṣẹ́, nítorí pé òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí yín ní mérì. Mo gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ fi ọdún méjìlá dàgbà ju Ìyá Ràfíù lọ. Mo wò ó, mo tún un wò. Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń sọ fún wa pé ẹ bá wọn pọn omi níbi ìgbéyàwó tí Ìyá Ràfíù kọ́kọ́ ṣe, kí ọkọ yẹn tó kú, kí ó tó wá fẹ́ bàbá wa, àti pé ẹ kò tíì balágà nígbà náà?

Mo pè yín. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń wúkọ́. Ẹ ní ọjọ́ tí àwọn ará ilé ẹjọ́ wá sí Okpomẹ̀ta láti fún àwọn àgbà ní ìwé ìbí, akọ̀wé tó jókòó kò gbọ́ èdè wa, ògbufọ̀ kan tó ń sọ èdè Gùn ló dúró láàárín. Akọ̀wé bèèrè pé nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àgbà. Gbogbo ilé nawọ́ sí yín, nítorí ẹ̀yin ni ìyálé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọ ilé bàbá wa. Bí akọ̀wé ṣe ń rò ó lọ́wọ́, Ìyá Ràfíù dé láti oko, ó kúnlẹ̀, ó kí yín gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń kí ìyálé. Ni akọ̀wé bá gbé kálàmù. Ipò ni wọ́n sọ fún un, ọdún ló kọ.

Bí ti Ìyá Ràfíù bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ó kéré tán, ọdún méjìlá ni ìwé fi kún ọjọ́ orí yín. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó gba owó rẹ̀ tán, ti oṣù kan á sì kéré sí i. Mo tún ìṣirò ṣe. Kì í ṣe ogójì mọ́, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni.

Inú Bùọ̀dá Ràímì kò dùn. Nínú ogójì yẹn ni ó ti ń yọ owó alùpùpù tó rà láwìn. Ó ní ìjọba ló kọ ìwé, ó lóǹtẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń bá òǹtẹ̀ jiyàn. Ó ní Alájì lówó, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó wá ní, “Ṣé nítorí èyí la ṣe ní kí o lọ yunifásítì, kí o lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín owó ìyá rẹ kù?” N kò bínú sí i. Òótọ́ ni pé ìṣirò mi dín owó kù. Òótọ́ náà sì ni pé nínú owó oṣù mẹ́ta yẹn ni ẹ ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi fún ìdánwò, mo sì ti san án.

Mo sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó pinnu. Bí ẹ bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ẹ wá ní, “Ìyálé ni mí, n kò dàgbà ju Ìyá Ràfíù lọ. Kí wọ́n má fi ipò mi ta ilẹ̀ bàbá mi.” Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin àti Ìyá Ràfíù jọ lọ bá Alájì ní Kétu. Mo gbọ́ pé Ìyá Ràfíù ló ṣe àlàyé, tí ó ń bú akọ̀wé lórí bó ṣe sọ òun di ọmọdé lọ́sàn-án gangan. Alájì gbọ́ ọ, ó gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n fi kún ìwé tuntun: bí Alájì bá ṣáájú yín lọ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa san owó náà lọ. Ẹ bi mí pé ta ló wá ń ka ọjọ́ orí Alájì. Èmi ni, Màámi. Ẹ má sọ fún un.

Ẹ̀yin lẹ yọ̀ǹda kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ilé wa nìkan kọ́ ni wọ́n ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka èyí, tí wọ́n bá fi owó oṣooṣù lọ ìyá rẹ̀ nítorí ilẹ̀, kí ó bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé, kí ó sì bèèrè ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí. Ìbéèrè méjì ni.

Alájì kò fẹ́ kí á máa yọ owó tó lé nínú èyí tí ń bọ̀. Ó ní kí á dá a padà ná, kí òun tó tẹ ìka. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá lóṣù, oṣù mẹ́ta. Alùpùpù ti jẹ lára rẹ̀, ìdánwò mi ti jẹ lára rẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ló jẹ ìyókù.

Ọlọ́run á fi ọjọ́ tí a kò kà kún ọjọ́ yín. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá yín. Ẹ bá mi kí Ìyá Ràfíù, ẹ kí gbogbo ará adúgbò àti àwọn tí ẹ jọ ń lọ ọjà Kétu, ẹ sọ fún Bùọ̀dá Ràímì pé mo kí i dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
Mújìdátù.

Èyí tí a jẹ Alájì títí di òní: ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì fáráǹ. A kò tíì san nǹkan kan níbẹ̀.