Bàbá Ẹ̀yìn Gíláàsì, Tí Irun Wọn Padà Di Dúdú

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1957 ni wọ́n bí olóògbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún aago ṣe. Bàbá tó bí bàbá wọn náà, aago ló tún ṣe jẹun. Ìyá wọn, aránṣọ tó mọṣẹ́ dunjú, jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà, kò sì bí òmíràn mọ́ lẹ́yìn wọn.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá ní 1975 pẹ̀lú èsì tó dán. Ní ọdún kejì, ikọ́ kan tí kò gbóògùn mú bàbá wọn lọ ní ẹni àádọ́ta ọdún, kò sì tíì sí ewú kan lórí bàbá náà. Ibi pósí ni olóògbé ti sọ fún ìyá wọn pé iṣẹ́ oògùn làwọn máa kọ́. Wọ́n di apòògùn ní 1981.

Ní 1985, wọ́n fẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan, obìnrin tí kì í gbà pé nǹkan pé tí kò bá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ náà kì í sì í fi oògùn sílẹ̀ tí ojú kejì ò bá tíì wò ó. Ìkòkò rí ọmọrí. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Láti 1990, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n fi po oògùn jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn. Yàrá inú yàrá ni, fèrèsé gíláàsì kan ṣoṣo ló ní. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú aṣọ tó bò wọ́n dé ọrùn àti ìbòmú, nítorí oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ kì í dá ọwọ́ apòògùn sí. Ojú méjì péré ni àwọn aláìsàn ń rí tí wọ́n bá ń kọjá. Àwọn míì búra pé ojú náà kì í ṣẹ́. Báyìí ni orúkọ Bàbá Ẹ̀yìn Gíláàsì ṣe mọ́ wọn lára.

Olùfẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n. Àwọn ló ń gbá ilé ìjọsìn ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ jókòó ti àwọn ẹbí aláìsàn nílé ìwòsàn láti là wọ́n lọ́yẹ̀. “Ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó kó gbogbo ẹni tó bá ń sáré ládùúgbò ni oògùn yìí,” ni wọ́n máa ń sọ. “Jẹjẹrẹ ń sáré, torí kò mọ̀ ju kó máa pín, kó máa pọ̀. Àmọ́ irun náà ń sáré, awọ ẹnu ń sáré, ẹ̀jẹ̀ tuntun ń sáré. Gbogbo wọn ló máa kó. Àwọn ará ilé á padà wálé. Olè ni ká máa bẹ Ọlọ́run pé kó má padà.”

Ní 2018, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá, ìyá tó bí wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí ọjọ́ ogbó sì ti ń kó iyè wọn lọ díẹ̀díẹ̀, gbọ́ ọ láti yàrá wọn, wọ́n sì béèrè ta ló wọlé. Dókítà bá jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró Bàbá. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ló wá dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fa oògùn sí wọn lára. Irun lọ, èékánná dúdú, ẹnu wọn ò mọ adùn mọ́. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé padà. Olè náà padà.

Dókítà wá yan oògùn kejì. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó wọn: “Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Jẹjẹrẹ ti mọ bí ará ilé ṣe ń kí wọn. Tó bá ti kí wọn báyẹn, wọ́n á kọjá lọ. Oògùn yìí ló máa dí ìkíni yẹn.”

“Tí wọn ò bá wá dá ará ilé mọ̀ mọ́ ńkọ́?”

Bàbá mú kálàmù, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú náà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ ń súnkì. Ṣùgbọ́n ní 2020, irun Bàbá, tó ti funfun báláú tipẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìpàkọ́ wá, títí gbogbo orí fi dúdú kirikiri. Dókítà ní wọ́n ti rí irú rẹ̀ lára àwọn díẹ̀, kò sì yé ẹnikẹ́ni tán. Ẹ̀yin tí ẹ máa wo ojú wọn lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòyà. A ò kun irun wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá gbé tíì wọlé tọ Màmá. Màmá wò wọ́n títí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ṣé ibi tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn ò tutù?”

“Màámi, èmi ni. Ọmọ yín ni.”

“Ọmọ wa? Ọmọ wa ti darúgbó o! Orí rẹ̀ ti funfun. Ẹ ò tíì rí i ni.”

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń wá láyé: kí ìyá wọn tún pe àwọn lọ́mọ. Wọ́n da pọ́ńdà sórí kí ó lè funfun. Màmá fi etí ìró nù ún kúrò, wọ́n ní, “Ẹ wo erùpẹ̀ tó ṣì wà lórí yín.” Bàbá jáde síta, wọ́n sunkún.

Nígbà tó sú wọn, wọ́n yé jiyàn. Ní ọ̀sán-ọ̀sán, wọ́n á jókòó, Màmá á máa ròyìn ọmọ wọn fún wọn: bí wọ́n ṣe bí i, bó ṣe gbégbá orókè níléèwé, bó ṣe dúró níbi pósí. Bàbá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Inú ìwé náà la ti mú ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ yìí.

Ní 2022, àwọn ọmọ ogun ò dá ará ilé mọ̀ mọ́. Ẹṣẹ́ ọ̀fun, kókó kékeré tó wà níwájú ọrùn, ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù, wọ́n wá kọjú sí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà dá oògùn náà dúró, ó fún Bàbá ní òmíràn tó ń pẹ̀tù sí wọn, àmọ́ ẹni tó ti jí kì í fìgbà gbogbo gbà láti sùn. Bàbá á gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ ìrìn àwọn ọmọ ogun náà. Irun ò funfun mọ́. Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n re ibi àgbà ń rè, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Kò sí jẹjẹrẹ kankan lára wọn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ìyá tó bí wọn. A ti túfọ̀ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọkọ àwọn kàn yà wo àwọn ni, kò lè pẹ́. Wọ́n ní ká ránṣẹ́ pe ọmọ àwọn, pé òun ló gbọ́dọ̀ wá sin bàbá rẹ̀. Iwájú ni Màmá jókòó sí lónìí. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé ó wà lọ́nà.

Bàbá, kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sùn re o. Ìyá yín ń retí yín.