Ohun tí mo túmọ̀ fún Bàbá Ráfíù

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti tẹ́ páńẹ́lì sólà tó ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná sórí omi dáàmù wa. Ó bo ọ̀gangan ibi tí Bàbá Ráfíù ti ń pẹja láti kékeré.

Nígbà ìpàdé tí wọ́n bá ará ìlú ṣe kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà wọn sọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ẹnikẹ́ni ò ní lè pẹja níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń túmọ̀. Kí ìpàdé má baà dàrú, mo ní, "Bàbá, wọn ò ní dí yín lọ́wọ́."

Lónìí, Bàbá bi mí létí omi pé, "Tíṣà, ṣebí bí ẹnjiníà ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Á jẹ́ pé òun ló tàn wá."

Bàbá ká àwọ̀n wọn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.