Mọ́tò Rẹ Tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Agboolé Eléṣin,
Ẹdẹ.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 1958.

Rájí, ọmọ bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kùmásì? Ọjà ń kọ́? Ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́sí, ṣé ó ti lọ? Ara Màmá le, a dúpẹ́. Èmi ni ara mi kò lélẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ lẹ́tà yìí.

O rántí pé o ní kí n máa wa mọ́tò rẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan nù ún ju aṣọ rírọ̀ lọ. Nígbà tí bàbá wa Àlájì ti Mẹ́kà dé, èmi ni mo gbé e lọ pàdé wọn ní téṣàn rélùwéè. Àwọn ọ̀dọ́ agboolé lẹ ìwé káàbọ̀ mọ́ ọn níwájú. Ògì tí wọ́n rò ki ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. N kò kọ̀ fún wọn, nítorí èmi náà fẹ́ ṣe fáàrí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ìwé yẹn sílẹ̀ nínú oòrùn.

Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣí i, ìwé ya, ògì kò kúrò. Omi kò ràn án. Ni mo bá bu eérú àti iyanrìn, mo mú kànrìnkàn, mo fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Ògì kúrò lóòótọ́, ọ̀dà sì bá a lọ. Irin hàn, ó fẹ̀ tó àtẹ, òjò sì ti mú un dógùn-ún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹnì kan tó ń kun mọ́tò ní Ṣẹ́kọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná ló yẹ kí n fi bò ó títí ògì á fi rọ̀, kí n wá fi òróró díẹ̀ nù ún.

Èyí tó burú jù ló kù. Àwáwù ìyàwó rẹ, tó máa ń nu mọ́tò náà ní gbogbo Jímọ̀, ni Màmá dá lẹ́bi. Wọ́n pè mí kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ọ, nítorí èmi nìkan ló mọ̀wé nílé. Rájí, mo jókòó, mo sì kọ ọ́ pé Àwáwù ló ba mọ́tò rẹ jẹ́. Àwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi lọ́jọ́ tí mo ń fọ̀ ọ́, síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí èsì rẹ dé pé kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ara títí wàá fi dé, èmi náà ni mo kà á sí i létí.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti lọ. Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọn kò bú mi, wọ́n kàn ní kí n dìde lórí ẹní àwọn. A jọ lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ara. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé èmi ìyàwó ilé ni màá na ìka sí yín lójú ìyá wa?” Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Ó ní òun kò bínú, pé lẹ́tà ló lé òun jáde, lẹ́tà ni yóò mú òun padà. Jọ̀wọ́, tètè kọ ọ́. Èmi ni màá tún mọ́tò kùn. Bá mi kí gbogbo ará wa tó wà níbẹ̀.

Má fi lẹ́tà Àwáwù ránṣẹ́ sí mi o. Fi ránṣẹ́ sí tíṣà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Ara, kí ó kà á fún un. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀, bí o bá ṣì gbà mí,

Sàídì