Ìwé Tí Ìyá Ràfátù Mu

Agbolé Àmọ̀dá,
Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 1936.

Bàdírù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Fàtímọ̀ aya rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ooru Kánò ńkọ́, ṣé kò tíì lé ọ sá? Èmi wà níbí, ara ò ro mí, ṣùgbọ́n ilé dá. Láti ìgbà tí o ti jókòó sí Òkè Ọya, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Ẹni tí mo bá dá a sílẹ̀ fún á ní kí n yáa lọ fẹ́ ìyàwó míì.

O mọ ìwé ìrìn àjò wa tí mo ń kọ, bí a ṣe fẹsẹ̀ rìn dé Ìlọrin lọ wá ààfáà tí yóò kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ lẹ́tà kéwú ni, tàdáwà ni mo sì fi ṣe yíǹkì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó kà á. Àwọn ààfáà ní kì í ṣe kéwú, àwọn akọ̀wé ní àwọn ò gbọ́ kéwú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Àlápòtì lọ kí àwọn ẹbí. Ibà dá Ìyá Ràfátù gúnlẹ̀, ìyá arúgbó ilé kejì tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Ràfátù ọmọ rẹ̀ wá tọrọ hàntú tí ìyá rẹ̀ máa mu kí ara rẹ̀ lè yá, kò bá mi nílé. Ó rí ìwé mi lórí awọ àgbò tí mo fi ń kírun. Kéwú ni lójú tirẹ̀. Ló bá fọ tàdáwà rẹ̀ sínú igbá bí a ṣe ń fọ wàláà, ìyá rẹ̀ sì mu ún.

Nígbà tí mo dé, mo bá ìwé mi lórí ẹní níwájú ilé, Ràfátù ti sá a sóòrùn fún mi, funfun báláú. Ó tún fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Bàdírù, mo sunkún. Àwọn ará ilé ní a kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Mo fi ìbínú lọ bá ìyá náà, mo ní kì í ṣe Àlùkùránì ló mu, ìtàn ni. Ó ní:

“Ìtàn kí ni mo mu?”

Látìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn. Mo jókòó, mo ń sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín gan-an níbi tí o ti sùn lọ ní ìforíkanlẹ̀, tí àwọn èèyàn rò pé ẹ̀mí rẹ ti dé ọ̀run.

Àfi ìgbà tí ìtàn náà dé odò Ògùn, ni mo bá há. O rántí baba tó tu wa sọdá? Ó sọ gbólóhùn kan tí èmi àtìwọ ò fi lè bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ni mo bá fọkàn balẹ̀ gbàgbé rẹ̀.

Ibà ìyá náà ti padà dé. Ó ní òun ò ní í kú láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń rán Ràfátù wá bi mí bóyá mo ti rántí. Ìwọ nìkan ló kù tó gbọ́ ọ, jọ̀wọ́ tètè kọ̀wé. Tí ìwọ náà bá ti gbàgbé, má hùmọ̀ òmíràn fún mi. Wọ rélùwéè máa bọ̀, ká jọ jókòó tì í, bóyá á wá sí wa lẹ́nu.

Bá mi kí Fàtímọ̀ àtàwọn ọmọ. Ìyá Ràfátù ní kí n kí ọ. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́ dáadáa báyìí.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wo ọ̀nà,
Rùfáì.