Sí Ẹni Tó Fi Bẹ́ẹ̀dì Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé

Bàbá Ìbejì,

Ẹ má wulẹ̀ fa ilẹ̀kùn yẹn. Mo taari rẹ̀ títí láàárọ̀ yìí, ìka méjì péré ló ṣí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń gbọ́ tí ẹ ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun. Inú yàrá ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ẹ tì í nítorí eruku igi, ẹ wá kan bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn rẹ̀, ó há sáàárín ògiri méjèèjì gbọnin-gbọnin. Bẹ́ẹ̀ lánàá mo bi yín pé ibo ni ilẹ̀kùn máa gbà ṣí. Ẹ ní kí n lọ rí sí ọbẹ̀ mi.

Kí àwọn ìbejì tó lọ sílé ìwé, wọ́n bèèrè ẹni tó ti Dádì mọ́lé. Mi ò lè purọ́ fọ́mọ. Mo ní Dádì náà ni.

Ìyá yín tí ẹ ń kan bẹ́ẹ̀dì fún ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n á ní bí a bá ṣe tẹ́ ẹní ẹni la ṣe ń sùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín níbẹ̀.

Mo ti ki ayùn àti búrẹ́dì gba àlàfo ilẹ̀kùn, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ gé, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi.

Mi ò bínú. Sílípáàsì ni mo wọ lọ síbi iṣẹ́, torí gbogbo bàtà mi wà lọ́dọ̀ yín.

Ọbẹ̀ tí ẹ ní kí n lọ rí sí dùn gan-an. Ó wà ní kíṣíìnì. Abọ́ ò gba àlàfo yẹn wọlé.

Ìyá Ìbejì