Wàrà Inú Ìkòkò Idẹ

Krishnanagar,
Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Parimal, ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara le ní Surat lọ́hùn-ún? Ṣé iṣẹ́ góòlù kò ba ojú rẹ jẹ́ jù? Kí Yèyé Durga máa ṣọ́ ọ. Ara èmi le, ara ìyá rẹ náà le. Nítorí Sulekha ìyàwó rẹ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Jókòó kí o tó kà á. Kò kú o. Mo tètè sọ ìyẹn.

Òní la ṣe ayẹyẹ oyún oṣù keje rẹ̀. O mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, ohunkóhun tí ẹnu aboyún bá fẹ́ la ń sè fún un, òun ló sì ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò ṣáájú rẹ̀, ì báà ṣe ẹni tó sè é. Sándẹ́ṣì ló béèrè, oúnjẹ dídùn oníwàrà tí mo fi là yẹn. Ìyá rẹ ní kí àwọn ọmọṣẹ́ ṣe é wá láti ṣọ́ọ̀bù. Kí ọmọṣẹ́ ṣe é fún ọmọ-ọmọ Haradhan Modak? Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kejì péré, tí mo ru mílíìkì lórí láti abúlé títí mo fi kọ́lé alájà méjì? Èmi tí adájọ́ ń rán mọ́tò sí nítorí sándẹ́ṣì? Mo ní ọwọ́ ara mi ni n ó fi ṣe é, nínú ilé, nínú ìkòkò idẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti fi tánganran bo inú ìkòkò náà kẹ́yìn, èyí tí kì í jẹ́ kí ohun kíkan yọ májèlé lára idẹ. Ìyá rẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá Parimal, inú ìkòkò yìí ti ṣí, idẹ ti yọ. Ẹ jẹ́ kí n pe onítánganran, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lójú títì." Mo ní, "Khiroda, ìwọ tí o máa ń jó mílíìkì tíì, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìkòkò?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá onísándẹ́ṣì. Ẹnu mi rèé, mo pa á dé."

Mílíìkì hó, mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó dì, wàrà rẹ̀ funfun bí òwú. Ó yẹ kí n fi aṣọ sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ti ń dé, wọ́n ń yìn mí, mo sì jókòó ti ìyìn. Wàrà wà nínú omi kíkan rẹ̀, nínú idẹ lásán, fún wákàtí méjì ó lé. Nígbà tí mo sẹ́ ẹ, mo pò ó mọ́ ṣúgà, mo fi àwọ̀ rúsúrúsú sí i, n kò rí ohunkóhun. Mo fi pákó tí a gbẹ́ bí ẹja tẹ̀ ẹ́. Ó rẹwà.

Wọ́n fun ìkarahun bíi fèrè láti fi ṣí ayẹyẹ, Sulekha jẹ ọ̀kan. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ó ń ta mí lẹ́nu bí irin." Mo ní, "Oyún ló ń ṣe ọ́, ìyàwó wa. Jẹ sí i! Adájọ́ ń rán mọ́tò wá nítorí rẹ̀!" Nítorí ọ̀wọ̀ mi ló fi jẹ ẹ́ di mẹ́ta. Parimal, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ìyá rẹ pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú ohùn tí n kò mọ̀ mọ́ ọn. Ìkòkò ló ń fọ̀. Inú rẹ̀ ti hu ohun aláwọ̀ ewé yí ká, níbi tí omi kíkan dúró dé. Kò bá mi wí. Ó na ìkòkò náà sí mi.

Mo sáré wọlé, mo já àwo gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Binodini ẹ̀gbọ́n mi pariwo, "Haradhan! Ahun! Ìyàwó jẹ tirẹ̀ tán, o wá fẹ́ fi tiwa pamọ́ fún adájọ́?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé, "Májèlé ni. Èmi ni mo ṣe é." N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kí ẹ̀rín tó kú lẹ́nu wọn, Sulekha ti di ikùn mú.

Ó bì títí. Dókítà tí a sáré pè ní èébì yẹn ló gbà á, ìyá yóò yè. Ṣùgbọ́n ó gbé etí lé ikùn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ọkàn ọmọ, àmọ́ ó ń lọ jẹ́jẹ́ jù, ká máa ṣọ́ bóyá yóò mira. Láti ọ̀sán, kò mira. Ọmọ tó máa ń ta ìyá rẹ̀ nípàá láti àárọ̀ dalẹ́! Ẹnu ọ̀nà yàrá náà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Ebi ti pa mí rí, iná ti jó mi rí, ẹ̀rù kò bà mí tó báyìí.

N kò ní kí o dárí jì mí. Wá sílé. Kí Durga gbé ọ dé láìkọsẹ̀, kí ó dá ẹ̀mí méjèèjì sí fún ọ, kí o má bàa bá ilé tó dákẹ́.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Haradhan Modak.

Mo tún ń fi èyí kún un: Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, ó ní, "Ó mira." Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó?" Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹni tó yí padà lójú oorun." Láti ìgbà náà, a ò tíì rí èkejì. Ẹni tí yóò mú lẹ́tà lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ti dúró tì mí, n kò lè ní kó dúró jù báyìí lọ. Máa bọ̀.